Ọ̀nà Elkhart sí Laramie: Bí A Ti Ń Mú Ọkọ̀-Ilé Dúró Ṣinṣin

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan ń bẹ tí ó jẹ́ ọkọ̀, tí ó sì tún jẹ́ ilé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbá omi wà lábẹ́ rẹ̀, gáàsì ìdáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, onílé yóò jókòó sí ìdí sítíárìn, yóò sì gbé ilé rẹ̀ lọ sí ibi tí ó bá wù ú. Ọkọ̀-ilé ni èmi yóò máa pè é nínú ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ a máa fi owó tí wọ́n ti kó jọ rà á; ṣùgbọ́n àwọn tí ń bi ara wọn léèrè ohun tí ó gbé ilé náà dúró lórí táyà kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ojú kò rí lábẹ́ ọkọ̀ yìí ni ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ìbátan ní ilẹ̀ náà, ó sì lè jẹ́ pé wọn yóò mú yín wọ irú ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ kan. Àwọn tí kò sì ní wọ̀ ọ́ láéláé ń wọ bọ́ọ̀sì àti lọ́rì nílé níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó kan gbogbo wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tí ó ti lo ohun tí ó lé ní 30 ọdún ní ìlú Chicago, ra ọkọ̀-ilé àlòkù kan lẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 31, gíga rẹ̀ sì lé ní ẹsẹ̀ bàtà 11. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, òun àti ìyàwó rẹ̀ mú mi rin ìrìn-àjò tí ó lé ní 1,000 máìlì nínú rẹ̀. Ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni a tọ̀, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Interstate 80. Láti ìpínlẹ̀ New Jersey ní ìlà-oòrùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ títí dé San Francisco létí òkun ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo rẹ̀ tó bí 2,900 máìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí n lè rí ìlú tí a ti ń kan irú ọkọ̀ náà, kí a tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

ÌLÚ ELKHART

Elkhart wà ní ìpínlẹ̀ Indiana, bí 100 máìlì sí Chicago. Ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ ni a ti ń kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀-ilé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti nínú àwọn ilé kéékèèké tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà ńlá kọjá kò lè ṣàì rí ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà, èyí tí ó kó wọ inú ilé rẹ̀ ti ìsinsìnyí ní ọdún 2007. Níbẹ̀ ni a ti rí ilé àfàfà kan tí wọ́n kàn ní ọdún 1913, ó kéré bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, igi sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ọkọ̀ Chevrolet ti ọdún 1931 wà, èyí tí ilé iṣẹ́ sinimá Paramount ṣe ní ilé fún Mae West, òṣèré obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà. Ṣáájú ìwọ̀nyí ni ilé iṣẹ́ Pierce-Arrow ti gbé ọkọ̀ kan jáde ní ọdún 1910, tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ń di ibùsùn, tí àwo ìfọwọ́ sì ń ṣí jáde láti ẹ̀yìn àga awakọ̀. Ìfẹ́ láti gbé ilé ẹni rìn kì í ṣe ohun àná.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù lọ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kàn án. Àwọn tí ó kọ́ ilé náà kọ́ ni ó ṣe egungun ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ Ford ni ó ṣe egungun ti ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, táyà, bíréèkì àti sípíríǹgì; àwọn káfíńtà àti àwọn aṣọ́gbá-irin ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó wá gbé ilé kà á lórí. Ẹ rántí bí a ti ń ṣe bọ́lẹ̀kájà láyé àtijọ́: egungun àti ẹ́ńjìnnì a ti òkè òkun wá, àwọn káfíńtà wa a sì fi pákó kan ara rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni. Irú egungun yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ agbáláìsàn àti bọ́ọ̀sì kékeré. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó ṣe egungun kò mọ bí ilé tí yóò gùn ún yóò ti ga tó, ẹni tí ó kọ́ ilé kò sì fọwọ́ kan sípíríǹgì. Láàárín àwọn méjèèjì ni àìsàn ọkọ̀-ilé ti ń wọlé.

ÀÌSÀN ỌKỌ̀ NÁÀ

Nígbà tí a kúrò ní Elkhart, tí a tún kọjá lẹ́bàá Chicago, tí a sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí kíyè sí àìsàn náà. Èkíní, ọkọ̀ kì í tọ ọ̀nà tààrà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò sinmi lórí sítíárìn rárá. Bí ó ti ń fà á sọ́tùn-ún díẹ̀ ni ó ń dá a padà sósì. Èkejì, bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá fẹ́ kọjá wa, afẹ́fẹ́ tí ó ń tì níwájú rẹ̀ a kọ́kọ́ ti ìdí ọkọ̀ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tí ó bá sì ń kọjá lọ a tún fà wá mọ́ra, bí ẹni pé ó fẹ́ mú wa dání lọ. Ẹ̀kẹta, bí a bá yà kúrò lójú ọ̀nà wọ ibi tí a ti ń ra epo, ilé náà a máa fì sọ́tùn-ún, a máa fì sósì, bí ẹni tí ó ru igbá àgbo tí kò sì di ọwọ́ mú un. Ẹ̀kẹrin, bí táyà bá bọ́ sínú kòtò kékeré, gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù a dún pọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Àkọ̀wé, bí yóò bá rí báyìí títí dé Wyoming, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dájú pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ń bá sítíárìn jà fún wákàtí mẹ́fà, àárẹ̀ yóò mú un. Awakọ̀ tí àárẹ̀ mú kì í tètè rí ewu.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ nípa àpò afẹ́fẹ́ tí a ń fi sí ìdí sípíríǹgì, ó sì ti múra láti rà á. Ṣùgbọ́n ní ibi tí a sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, àgbà òyìnbó kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: “Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?” A kò tíì wọ̀n ọ́n. Ó ní bí a bá dé Walcott lọ́la, kí a gbé e gun òṣùwọ̀n kí a tó ná kọ́bọ̀ kan.

ÒṢÙWỌ̀N WALCOTT

Walcott jẹ́ ìlú kékeré ní ìpínlẹ̀ Iowa, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ lọ́rì kan lójú ọ̀nà náà tí kò mọ̀ ọ́n. Ibùdó àwọn awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1964, èyí tí àwọn tí ó ni ín ń pè ní títóbi jù lọ ní gbogbo ayé. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń gẹ irun, wọ́n sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n tí a ń pè ní CAT Scale ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ wá tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Òṣùwọ̀n náà dàbí afárá pẹlẹbẹ lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ a gùn ún, táyà iwájú a dúró lórí pẹpẹ kan, ti ẹ̀yìn lórí òmíràn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọn a fún ni ní ìwé tí a kọ ìwọ̀n iwájú, ìwọ̀n ẹ̀yìn àti àpapọ̀ rẹ̀ sí.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, Ford ti lẹ ìwé kan mọ́ ọn pé gbogbo ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù àti ènìyàn kò gbọdọ̀ ju 14,500 pọ́nùn lọ. Àpapọ̀ tiwa kò kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ìwọ̀n ìhà kọ̀ọ̀kan wò, a rí i pé ẹ̀yìn ti kọjá ìwọ̀n tirẹ̀ díẹ̀, iwájú sì fúyẹ́ jù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọkọ̀ kò fi tọ ọ̀nà tààrà: táyà iwájú ni ó ń darí ọkọ̀, bí kò bá sì sí ìwọ̀n tó lórí rẹ̀, kò lè di ilẹ̀ mú.

Báwo ni ẹrù ẹ̀yìn ti lè mú iwájú fúyẹ́? Ẹ fi ojú inú wo pákó tí àwọn ọmọdé gbé ka òkúta tí wọ́n ń gùn lọ sókè sódò. Táyà ẹ̀yìn ni òkúta náà. Nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 18. Ilé náà sì tún gùn kọjá táyà ẹ̀yìn lọ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 9. Bí a bá fi ẹrù 200 pọ́nùn sí ìparí ìdí rẹ̀, kì í ṣe 200 ni táyà ẹ̀yìn yóò rù, bí kò ṣe 300. Nítorí ẹrù náà yóò gbé 100 pọ́nùn kúrò lórí táyà iwájú wá fún ti ẹ̀yìn. Àwọn tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé kò sí àṣìrò níbẹ̀.

A ṣí yàrá ẹrù tí ó wà ní ìdí ọkọ̀. Àpótí irin-iṣẹ́ wà níbẹ̀, àpò gàrí méjì wà níbẹ̀, èlùbọ́, ìgò epo pupa, àti odó kékeré kan tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò lè fi sílẹ̀ nílé. A kó gbogbo rẹ̀ wá sí àárín àti iwájú. Omi tí ó kún àgbá ẹ̀yìn, a dà á sílẹ̀ ku díẹ̀. Nítorí gálọ́ọ̀nù omi kan ti Amẹ́ríkà lé ní 8 pọ́nùn, bẹ́ẹ̀ ni 40 gálọ́ọ̀nù sì lé ní 330 pọ́nùn, omi sì wà ní gbogbo ibi tí a ń lọ. A tún gun òṣùwọ̀n: ẹ̀yìn ti wọ inú ìwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà a wo afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀ nígbà tí wọ́n tutù, a sì fún wọn ní èyí tí ó bá ẹrù orí wọn mu. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa gbóná, a sì lè bẹ́. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù a máa ta lórí òkúta bí bọ́ọ̀lù.

Láti Walcott lọ, ọkọ̀ náà ti sàn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ná ju owó òṣùwọ̀n lọ.

IṢẸ́ TÍ A ṢE NÍ LINCOLN

A kọjá odò Missouri ní Omaha, a sì dé Lincoln, olú ìlú ìpínlẹ̀ Nebraska. Mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dáadáa. Ó gba ìwé òṣùwọ̀n wa, ó kà á, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wá sọ́dọ̀ òun láti ra oògùn láìmọ orúkọ àìsàn. Ó wá fi ìwọ̀n iṣẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan yé wa, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo obìnrin tí ó ru ìkòkò omi. Òṣùká wà lórí rẹ̀, kí ìkòkò má bàa pa á lórí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùká ni ó ń mú kí omi má dànù. Ọrùn àti ìbàdí rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rí. Sípíríǹgì ni òṣùká: ó ń ru ẹrù, ó sì ń gba ìkọlù ọ̀nà. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá àti ọkọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé sípíríǹgì nìkan ni kí ó ru ẹrù, kí ó má jẹ́ kí ilé fì, kí ó sì má jẹ́ kí ó ta sókè, ó ń bi òṣùká léèrè iṣẹ́ ọrùn.

Ohun kìíní tí ó ṣe ni títọ́ ẹsẹ̀ táyà iwájú. Ẹ wo irin tí ó di táyà iwájú kẹ̀kẹ́ mú: kò dúró ṣánṣán, ó dà sẹ́yìn díẹ̀ sí ẹni tí ó gùn ún. Dídà yẹn ni ó ń jẹ́ kí táyà máa wá ojú ọ̀nà tààrà fúnra rẹ̀. Táyà ọkọ̀ náà ní irú ìdà bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi sì ti kéré jù. Mẹkáníìkì náà yí ohun kékeré kan tí ó wà ní orí ìsopọ̀ padà, ó sì dà á sẹ́yìn bí ó ti yẹ.

Ohun kejì ni ṣọ́kì. Bí a bá tẹ sípíríǹgì tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kì í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A máa lọ sókè, a máa bọ̀ nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ṣọ́kì ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Inú rẹ̀ kún fún òróró, irin kan sì ń gba àárín òróró náà lọ bọ̀ nípasẹ̀ àwọn ihò tín-ín-rín. Agbára ìfò náà a di ooru nínú òróró, a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà ti gbó, ọ̀kan tilẹ̀ ti ń jo. Ó fi mẹ́rin tuntun tí ó lágbára jù wọ́n lọ sí i.

Ohun kẹta ni ọ̀pá amúdúró. Irin gbọọrọ kan ni, tí ó so ìhà táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Bí táyà méjèèjì bá gòkè pọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ilé bá fẹ́ fì sí ìhà kan, irin náà a lọ́, a sì kọ̀ fún un. Ará Kánádà kan, Stephen Coleman, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1919. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ nìyí: bí a bá yọ ọ̀pá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 1, tí a sì fi èyí tí ó jẹ́ ínǹṣì 1½ sí ipò rẹ̀, ojú yóò rí i pé ó fi ìdajì nípọn jù ú lọ, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ láti lọ́ yóò jẹ́ ìlọ́po 5. Ìdí nìyí tí ìyípadà kékeré níbẹ̀ fi ń ṣe ohun ńlá.

Ohun kẹrin ni ọ̀pá ìdábùú ẹ̀yìn, tí a ń fi orúkọ àwọn Panhard pè, àwọn aṣọkọ̀ ilẹ̀ Faransé ìgbàanì. Ìpẹ̀kun rẹ̀ kan so mọ́ egungun ọkọ̀, èkejì so mọ́ irin táyà ẹ̀yìn. Kò jẹ́ kí ilé náà yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí táyà rẹ̀. Òun ni oògùn ìdí tí ń mì nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè àpò afẹ́fẹ́ tí ó ti ń ronú lé. Mẹkáníìkì náà kò bú u. Ó ní ohun tí ó dára ni. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá Greyhound tí a ń pè ní Scenicruiser ti ń gun afẹ́fẹ́ láti ọdún 1954. Bí ìhà kan ọkọ̀ bá wúwo ju èkejì lọ, a lè fi afẹ́fẹ́ kún ìhà náà kí ilé tó dọ́gba. “Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín ti dọ́gba nísinsìnyí,” ni ó wí, “ẹ fi owó yín pamọ́.” Ó tún sọ ohun kan tí n kò ní gbàgbé: pé kò sí ohun kan tí òun lè fi sábẹ́ ọkọ̀ tí yóò sọ 14,500 di 15,000. Bíréèkì, táyà àti egungun kò mọ̀ pé a ti ra sípíríǹgì tuntun.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní ó ní kí a wa ọkọ̀ náà yí ìlú ká kí òun tó fi ọwọ́ kan ìyókù, kí a lè mọ èrè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ni èyí. Ẹni tí ó bá lo oògùn mẹ́rin pọ̀ kì í mọ èyí tí ó wo òun sàn.

ÀWỌN TÍ Ó FI ẸSẸ̀ RÌN Ín

Láti Lincoln, ọ̀nà náà ń bá odò Platte lọ nínú ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ní Kearney, ilé gbọọrọ kan dábùú ojú ọ̀nà lókè bí afárá. Wọ́n ṣí i ní ọdún 2000 fún ìrántí àwọn tí ó gba àfonífojì yẹn lọ sí ìwọ̀-oòrùn kí rélùwéè tó kan òkun méjèèjì ní ọdún 1869. A wọ inú rẹ̀ lọ wò. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ni wọ́n fi rin ìrìn náà, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sì ń gbà wọ́n. Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ náà kò ní sípíríǹgì rárá. Mímì rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá so wàrà mọ́ ọn ní òwúrọ̀, ní alẹ́ wọn yóò bá bọ́tà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹrù ni ó gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, àti àwọn ìyá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ife tíì ka orí tábìlì, ó sì ń wò ó. Máìlì ń kọjá, tíì náà kò dà. Kò tún dárúkọ rélùwéè mọ́.

AFẸ́FẸ́ WYOMING

Lẹ́yìn Cheyenne, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ga. Ibi tí ó ga jù lọ lórí gbogbo Interstate 80 wà láàárín Cheyenne àti Laramie, ẹsẹ̀ bàtà 8,640 sókè ojú òkun. Ère orí Abraham Lincoln kan tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 1959 wà níbẹ̀ lórí òpó òkúta gíga, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tí ń ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Ọkọ̀ wa gun òkè náà, ó sì sọ̀ ọ́ láìfì. Lọ́rì kọjá wa, ìdí ọkọ̀ kò mì bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó sì ń kọrin.

Ṣùgbọ́n láti Laramie lọ sí Rawlins, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ gba ìdí òkè kan tí a ń pè ní Elk Mountain kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí afẹ́fẹ́ le jù lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ la ọ̀nà yìí, àwọn ará ibẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n tẹ̀ lé ipa ọ̀nà àtijọ́ tí ó yí gba Medicine Bow ní àríwá, nítorí àwọn mọ ohun tí afẹ́fẹ́ àti yìnyín ń ṣe ní ìdí òkè náà. Wọn kò gbọ́. Wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun náà ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1970. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìjì yìnyín ti í pa. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọgbà pákó gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti dá yìnyín dúró. A rí wọn ní ìlà ìlà bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun.

Nígbà tí a dé Laramie, pátákó oníná ti kọ ọ́ sókè pé ọ̀nà ti sé fún gbogbo ọkọ̀ gíga tí kò wúwo. Tiwa ni a ń bá wí. Ẹ̀gbọ́n mi wo pátákó náà, ó wo ọ̀nà, ó sì ní, “A ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ yìí ṣe ná. Kí ni a wá ná owó lé lórí?” Mo mú ìwé mi, a sì jọ ṣírò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà tó bí ẹsẹ̀ bàtà 300 ní ìbú òun òró. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré ní 60 máìlì ní wákàtí kan, ohun tí yóò máa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lé ní 2,000 pọ́nùn. Bí ó bá jẹ́ 30 máìlì, kì í ṣe ìdajì èyí ni yóò jẹ́, ìdámẹ́rin rẹ̀ ni. Nítorí bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po 4. Ọ̀pá amúdúró kò jẹ́ kí ilé fì lórí táyà. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gbé táyà fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ọ̀pá kò ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó kàn ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi omi ka iná. Àmàlà ni a ó jẹ lálẹ́ yìí.” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó sì yà sí ibi ìsinmi. Ní gbogbo òru ni a gbọ́ afẹ́fẹ́ tí ń hu lórí òrùlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó rọlẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà, a sì kọjá ìdí Elk Mountain ní ìrọ̀rùn, ní 55 máìlì ní wákàtí kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni a rí ọkọ̀ àfàfà kan tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nínú koríko. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ wa títí a fi kọjá rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA NÍLÉ

Nílé níhìn-ín, ọ̀pọ̀ olówó lọ́rì àti bọ́ọ̀sì a máa ní kí mẹkáníìkì fi irin kan tàbí méjì kún sípíríǹgì ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Ojú a rí i pé ọkọ̀ dúró ṣánṣán, ọkàn a sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti pàdánù ahọ́n tí ó fi ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù. Bíréèkì rẹ̀ kò pọ̀ sí i, táyà rẹ̀ kò nípọn sí i. Bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé: ẹrù ni kí a kọ́kọ́ sọ̀, kí a tó máa wá irin tí yóò rù ú.

Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀, ìbáà ṣe ọkọ̀-ilé ní Amẹ́ríkà tàbí bọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, kí ó tọ ètò yìí. Kí ó wọn ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Kí ó tún ẹrù tò, kí èyí tí ó wúwo má ṣe wà ní ìdí. Kí ó wo afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí ó bá tutù. Kí ó tọ́ ẹsẹ̀ táyà. Kí ó pààrọ̀ ṣọ́kì tí ó ti gbó. Bí ó bá ṣì ń fì, kí ó wá ọ̀pá amúdúró; bí ìdí bá ṣì ń mì, kí ó wá ọ̀pá ìdábùú; bí ìhà kan bá ṣì tẹ̀, nígbà náà ni kí ó wá àpò afẹ́fẹ́. Ní ìparí gbogbo rẹ̀, bí pátákó bá ní kí ó dúró, kí ó dúró.